Ẹ bá wa wá ẹni tí yóò kọ ìtàn ọmọ Èkó tó dá wà lórí Máàsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà tó ń gbówó lórí sí i. Ojú ewé lẹ́tà ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí bí mo bá ti ra ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú lè dúró. Ibẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé ní Yábàá, tó ní ìwé ìtàn tó bá ti dá lórí plánẹ́ẹ̀tì àti ọkọ̀ òfurufú, ọ̀rọ̀ àwọn tó ti yó ni, pé kò kan àwa Yorùbá, pé kí ẹ má fi àyè inú ìwé yín ṣòfò lé e lórí. Mo fẹ́ dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin gan-an.

Áíríṣì ni mo ń tà ní Máìlì 12. Ọkọ̀ tó ń ti Jọ́ọ̀sì bọ̀ ni mo ti ń dúró dè láti ìgbà tí gbogbo irun orí mi ṣì dúdú. Mo ń ra àpò, mo ń tú u, mo ń ṣà á: ńláńlá fún àwọn ilé oúnjẹ ní V.I., èyí tó mọ níwọ̀n fún àwọn ìyá olóúnjẹ, wẹ́wẹ́ fún ẹni tó fẹ́ sè é mọ́ ẹ̀wà, èyí tó bá ti ń rọ̀ á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbé ìwé The Martian tí Andy Weir kọ wá fún mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ wá wo ọkùnrin tí áíríṣì gbà là.” Ó rò pé n ó rẹ́rìn-ín ni, kí n sì gbé e kalẹ̀. Mo ń kà á nínú BRT bí mo bá ń lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi ní Erékùṣù, mo ń kà á lábẹ́ agbòjò bí ọjà bá dẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò le. Ẹnu ọkùnrin náà ni kò dáa, ó ń ṣépè bí ọmọ gáréèjì láti ìlà àkọ́kọ́.

Fún ẹni tí kò tíì kà á, bí ìtàn náà ṣe lọ rèé. Ènìyàn mẹ́fà ni NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, rán lọ sí plánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Máàsì. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n débẹ̀ tí ìjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà, wọ́n ní kí gbogbo wọn sá wọ ọkọ̀ kí wọ́n máa bọ̀. Irin kan já, ó fò, ó gún Mark Watney. Ẹ̀rọ ara aṣọ rẹ̀ tó ń jẹ́ káwọn yòókù mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí bàjẹ́, wọ́n gbà pé ó ti kú, wọ́n gbéra. Àṣé kò kú. Nígbà tó máa lajú, òun nìkan ló kù lórí gbogbo plánẹ́ẹ̀tì. Kò ní ohun tó lè fi bá ayé sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ mìíràn tó máa wá síbẹ̀, ó ku nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ibi tí yóò balẹ̀ sí sì ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà lọ sí ibi tó wà. Oúnjẹ tó wà nílẹ̀, bó ti wù kó ṣún un jẹ tó, kò lè gbé e dé ìdajì àsìkò yẹn.

Ibi tí ìwé yìí ti mú mi nìyẹn. Ọkùnrin náà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Oúnjẹ mélòó ló kù, ọjọ́ mélòó ló máa gbé e, ilẹ̀ ọ̀gbìn ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló lè rí nínú àgọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀, omi lítà mélòó ni ilẹ̀ yẹn máa mu. Ọ̀gbẹ́ni Yábàá ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ti yó ni. Ẹ ní kó wá jókòó ti obìnrin tó yá owó ra àpò áíríṣì, tí ọkọ̀ sì pẹ́ lọ́nà, kó gbọ́ irú ìṣirò tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti áíríṣì náà dáadáa, nítorí ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Méjìlá péré ni wọ́n kó lọ, tútù tútù, kí wọ́n lè fi ṣe àjọ̀dún ìdúpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ṣe ní November. Watney ló jẹ́ onímọ̀ ewéko láàárín wọn, ó sì tún jẹ́ ẹnjiníà. Ó gé áíríṣì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ó rí i dájú pé ègé kọ̀ọ̀kan ní ojú tó lè hù. Lẹ́yìn náà, kò gbìn wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí ibi tí ọ̀bẹ kọjá lè gbẹ. Mo pa ìwé dé nígbà tí mo kan ibẹ̀, mo pe ọmọ tó ń bá mi tajà kó wá gbọ́. Àgbẹ̀ kan láti Bokkos ní ìpínlẹ̀ Plateau ló kọ́ mi ní èyí nígbà kan tó tẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ wá sí Èkó: ègé áíríṣì tí ojú rẹ̀ ṣì tutù, bí o bá tì í mọ́lẹ̀, jíjẹrà ló máa jẹrà. Andy Weir kò gbé ní Bokkos. Ètò kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun ní Amẹ́ríkà nígbà tó ń kọ ìwé náà. Ṣùgbọ́n ó wádìí.

Yẹ̀pẹ̀ Máàsì kò ní ẹ̀mí kankan nínú, kò sí kòkòrò tójú kò rí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, ìgbẹ́ ló dà sí i. Ìgbẹ́ tirẹ̀, àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú àpò, ó pò ó mọ́ yẹ̀pẹ̀ ayé díẹ̀ tí wọ́n kó dání, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí inú ilé tó ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, Olóòtú, ẹ má yọ apá yìí kúrò. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, agbépóò ṣì ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lóru wá kó korobá. Tí a bá gbúròó rẹ̀, a ó di imú, a ó sá wọ yàrá, àwọn ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ a sì máa kọrin bú u. Mo rántí ọkùnrin yẹn gan-an nígbà tí mo ń ka bí Watney ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ilẹ̀ rẹ̀.

Omi tún ṣòro ju ìyẹn lọ. Èyí tó wà nílẹ̀ kò tó ọ̀gbìn, nítorí náà ó ṣe omi. Epo ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní hydrazine ló fọ́ sí wẹ́wẹ́ títí gáàsì kan tó ń jẹ́ hydrogen fi jáde lára rẹ̀, ó wá ń jó hydrogen yẹn nínú afẹ́fẹ́ àgọ́ rẹ̀. Ohun tí iná yẹn ń bí ni omi. Ẹni tó bá ṣe kẹ́mísírì ní girama mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò rí ohun tó lè fi ràn án, nítorí NASA kì í kó ohun tó lè jóná lọ. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni àgbélébùú onígi tí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó dání, ó fá lára rẹ̀, ó fi dáná. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀ o. Mo ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, ilé náà bú gbàù mọ́ ọn lórí nítorí pé kò ka afẹ́fẹ́ tó ń jáde ní ẹnu òun fúnra rẹ̀ mọ́ ìṣirò.

Mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá òǹkọ̀wé náà rò. Nígbà tó kórè àkọ́kọ́, ńṣe ló ya àwọn kéékèèké sọ́tọ̀, ó dá wọn padà sílẹ̀ bí irúgbìn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń gbin áíríṣì ní Bokkos tàbí Mangu. Áíríṣì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú máa ń sùn ná. Ó lè tó oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ojú rẹ̀ tó rú, ohun tó tiẹ̀ jẹ́ kí n rí i tà nìyẹn, torí bó bá ń hù lọ́jọ́ tí wọ́n wú u, kí ló máa dé Èkó? Àwọn mìíràn ní ẹjọ́ tó ju tèmi lọ. Ní 2008, ẹ̀rọ Phoenix tí NASA gbé sórí Máàsì rí irú iyọ̀ kan nínú yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, perchlorate, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ inú ọrùn rí ayódíìnì lò bó ṣe yẹ. A lè fi omi fọ̀ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó epo ọkọ̀ kó tó rí omi mu, níbo ló ti fẹ́ rí omi ìfọlẹ̀? Ìjì tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà yẹn náà kò lè rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ Máàsì fẹ́lẹ́ gan-an, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, bó ti wù kó sáré tó, kò lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Weir fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun mọ̀, ó kàn nílò ohun tí yóò mú kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ ni.

Ti áíríṣì lókè ọ̀run, ìyẹn kì í ṣe àròsọ rárá. Ní October 1995 ni wọ́n ti gbé ewé áíríṣì lọ sókè nínú ọkọ̀ Columbia, ó sì ta níbẹ̀. Ní Peru, níbi tí áíríṣì ti ṣẹ̀ wá, iléeṣẹ́ ìwádìí áíríṣì lágbàáyé tó wà ní Lima kó yẹ̀pẹ̀ aṣálẹ̀ tó burú bíi ti Máàsì, wọ́n gbìn ín sínú àpótí tí wọ́n sé pa, tí òtútù àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jọ ti ọ̀hún. Ó hù. 2017 nìyẹn. Àwa náà kò sì jókòó sílé pátápátá, láti 2003 ni Nàìjíríà ti ní sátẹ́láìtì tirẹ̀ lókè. Nítorí náà kí ọ̀gbẹ́ni Yábàá rọra.

Ó yá, ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín.

Bí ìwé yìí ṣe di ìwé ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Weir kò rí ẹni tó fẹ́ bá a gbé àwọn ìwé tó kọ ṣáájú jáde. Nítorí náà, ó ń fi èyí síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orí kọ̀ọ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́, fún àwọn tó bá fẹ́ kà á. Àwọn tó ń kà á ni wọ́n ń kọ̀wé sí i. Ẹni tó mọ kẹ́mísírì yóò ní, “Ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀ o,” Weir yóò lọ tún un ṣe. Nígbà tó parí, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn rà á láti fi kà á lórí ẹ̀rọ ìkàwé wọn, ó sì gbé e síbẹ̀ ní 2011, owó tí kò pé dọ́là kan ló ń gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rà á. Ìgbà yẹn ni àwọn atẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ìwé jáde ní 2014, fíìmù jáde ní 2015.

Ìtàn tó ń jáde díẹ̀díẹ̀, tí òǹkàwé ń fèsì sí. Ta ló kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú yìí? Ẹ̀yin ilé ìwé ìròyìn ni. Ní 1929, Isaac B. Thomas, tó ni Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Obìnrin yìí ti dàgbà, àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀, ó wá ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ sílẹ̀ fún Olóòtú, ọkùnrin tó bá jayé, àdúgbò tó gbé, orin tí wọ́n ń kọ nígbà náà. Gbogbo Èkó ń retí lẹ́tà tó kàn. Àwọn kan gbà pé ènìyàn gidi ni. Nígbà tó máa parí ní 1930, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé, àṣé Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ wo bó ṣe rí: ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá, tí kò ní ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ mọ́ bí kò ṣe bébà tó wà níwájú rẹ̀. Watney náà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń kọ, kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa kà á láéláé.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹ wá òǹkọ̀wé kan, ọ̀dọ́ ni mo rò pé yóò dáa jù, kó máa kọ ìtàn ọmọ Èkó kan tó ṣẹ́kù lórí Máàsì, kó máa jáde nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ó jẹ́ lẹ́tà sí Olóòtú bíi ti Sẹ̀gilọlá. Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún àwa tí a bá rí àṣìṣe. Ẹ ò ní wá ènìyàn tì. Àwọn tó ń so páńẹ́ẹ̀lì oòrùn ní Alábà máa sọ fún un bí eruku ṣe ń pa iná, torí ohun tó pa Opportunity nìyẹn ní 2018, ẹ̀rọ tó ti ń rìn lórí Máàsì láti 2004: eruku dí oòrùn mọ́ ọn lójú, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn wẹ́dà Ọ̀wọ́dẹ̀ Onírin, tí wọ́n ń gé ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń sọ ọ́ di ẹyọ kan, ẹ ní kí wọ́n ka ibi tí Watney ti ń tún mọ́tò rẹ̀ ṣe fún ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ẹ ó gbọ́ àríyànjiyàn. Àwọn ọmọ Computer Village máa sọ bí wọ́n ṣe lè jí Pathfinder dìde. Ẹ̀rọ yẹn wà lóòótọ́ o, July 4, 1997 ló balẹ̀ sórí Máàsì, kò pé oṣù mẹ́ta tó fi dákẹ́. Nínú ìtàn, Watney rìn lọ hú u jáde nínú yanrìn, ó tún un ṣe, ìyẹn ló fi rí ayé bá sọ̀rọ̀. Bó bá sì sọ̀rọ̀ tán, yóò dúró. Máàsì jìnnà débi pé bí ó bá sún mọ́ wa jù lọ, ọ̀rọ̀ yóò rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dé, bí ó bá wà lókèèrè, ó lè lé ní ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó wá ka ti èsì tó ń padà bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe tú ìwé òyìnbó sí Yorùbá lásán. Ìdí rèé. Ohun kan wà nínú The Martian tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìyẹn ju ti irúgbìn lọ. Ọkùnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ènìyàn lọ́kàn. Ó ń ṣàwàdà, ó ń ṣírò, ó ń bú orin dísíkò tí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin fi sílẹ̀. Ó mẹ́nu ba àwọn òbí rẹ̀ díẹ̀. Bí mo ṣe kà á parí, n kò mọ ta ló jẹ ní gbèsè, n kò mọ ta ló ń bínú sí nílé.

Awakọ̀ kan wà tó ń gbé ẹrù fún wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Nígbà kan, ọkọ̀ rẹ̀ dákẹ́ sí ẹ̀yìn Mókwá, ọmọkọ́ṣẹ́ rẹ̀ lọ wá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi tún un ṣe, kò tètè dé. Òun nìkan ló ń sùn lábẹ́ ọkọ̀, tó ń ṣọ́ ẹrù. Áíríṣì máa ń mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ń mí bí wọ́n ti dì í sínú àpò yẹn, ó ń gbóná, bí afẹ́fẹ́ kò bá kàn án, yóò jẹrà. Nítorí náà ọkùnrin yìí ń tú tapólì lóru, ó ń dè é padà bí oòrùn bá yọ kí ó má baà di àwọ̀ ewé, nítorí èyí tó bá ti di àwọ̀ ewé ní májèlé. Tí ó bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń pè mí. Kí ni ẹ rò pé ó máa ń kọ́kọ́ bi mí? Bóyá wọ́n ti ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Kétu, àti orúkọ wo ni wọ́n fún un. Ta ló kó àjọ oṣù yìí, ṣé Alàájì ti dá tirẹ̀. Ṣé ìyàwó òun ti lọ kí ìyá òun. Kò sí ìgbà kan tó ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó ti jẹun, ó ní òun ti jẹ gààrí, ṣé mo ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Bí ọmọ wa ṣe máa dá wà lórí Máàsì nìyẹn. Gbogbo agboolé ló máa kó dání. Fágúnwà tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní 1938 mọ èyí. Nígbà tí ọba rán Àkàrà-Oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ, àwọn ọdẹ mìíràn ló tẹ̀ lé e. N kò tíì rí ìwé Yorùbá tó fi ẹnì kan ṣoṣo sí ibi tí kò sí ẹ̀dá mìíràn, kò sí iwin, kò sí ẹbọra, kò sí ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fẹ́ rí ohun tó máa jáde lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣé yóò máa ki ara rẹ̀ láàárọ̀? Mo gbà pé yóò ṣe é, nítorí kò sí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ tó máa bá a ki í. Ọjọ́ kan lórí Máàsì fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú gùn ju tiwa lọ. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, báwo ni yóò ṣe ka wákàtí ìrun rẹ̀, ibo ni yóò kọjú sí? Ọdún kan ibẹ̀ jẹ́ 687 ọjọ́ tiwa. Ìgbà wo ni yóò ṣe ìrántí ọdún bàbá rẹ̀? Òyìnbó kò ní bá wa dáhùn ìwọ̀nyí. Orin tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ fún un, kó jẹ́ ti Hárúnà Ìṣọ̀lá tàbí Àyìnlá Ọmọwúrà, a ó mọ̀ pé ó kéré tán, kò ní ráhùn nípa ìyẹn.

Mo fẹ́ kó jẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n n kò ní jà lé e lórí. Kó jẹ́ ẹni tó dàgbà sí Bàrígà tàbí Ṣómólú, tó ka ìmọ̀ ewéko ní Akọka, tí ìyá rẹ̀ ń ta nǹkan. Ohun tí n kò ní gbà ni pé kó jí ní ìparí ká gbọ́ pé àlá ló ń lá. Ẹ ti fi ìyẹn tàn wá jẹ tó. Kí wòlíì kankan má sì yọ sí i lórí Máàsì wá fi agogo tú u sílẹ̀. Kó gbàdúrà, ó yẹ kó gbàdúrà, èmi gan-an yóò bá a ṣe àmín láti Máìlì 12. Ṣùgbọ́n omi tó fẹ́ mu, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó sì ṣàlàyé bó ṣe ṣe é fún wa ní Yorùbá tí ọmọ tó ń bá mi tajà máa gbọ́. Ọmọ yẹn fi ìwé sílẹ̀ ní girama. Nígbà tí mo ń ka ti hydrazine fún un, tí mo ń ṣàlàyé, ó ní, “Ṣé pé iná ló ń bí omi, Mọ́mì?” Láti ìgbà yẹn ni kò ti jẹ́ kí n sinmi, ó ń bi mí ibi tí ìtàn dé. Irú rẹ̀ pọ̀ ní ọjà yìí. Wọn kò lè ka ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń rà yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ lè ní owó dà. Mo mọ̀ pé òǹkọ̀wé kì í jẹ afẹ́fẹ́. Ẹ gbìyànjú oṣù mẹ́ta péré. Bí ìwé yín kò bá tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ dá a dúró, kí ẹ dá ìtàn olórogún padà síbẹ̀, kí inú ọ̀gbẹ́ni Yábàá dùn.

Bí ẹni tí ẹ bá mú bá kan orí áíríṣì, kó tọ̀ mí wá kó tó kọ ọ́. Kó gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń já tòmátì wọlé, kó ní Ìyá Oníáíríṣì lòún ń wá, wọn yóò mú un wá. N ó gé e, n ó fi ojú rẹ̀ hàn án, n ó pe àwọn ará Bokkos fún un lórí fóònù. Kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń já ẹrù, nítorí n kò ní gbọ́ ohun tó bá ń sọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Oníáíríṣì,
Ọjà Máìlì 12, Kétu, Èkó.